Alárenà Orí Ayélujára: Ẹ̀kọ́ Nípa Òfin Orírun Kan Náà, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Ilé Ìtẹ̀wé Ṣómólú àti Bàrígà

Ìsọníṣókí

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìṣòro kan tí ó máa ń dojú kọ ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì ayélujára: ojú-ìwé kan ń béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìkànnì mìíràn, ṣùgbọ́n bùráúsà kò jẹ́ kí ìdáhùn dé ọwọ́ ẹni tí ó béèrè. Ó ṣàlàyé òfin tí ó fa ìdènà náà, ìdí tí òfin ọ̀hún fi wà, àti bí sáfà ẹni ṣe lè ṣe alárenà láàrin ìhà méjèèjì. Ipò alárenà nínú ètò ìgbéyàwó Yorùbá ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àtẹ̀gùn àlàyé. Èrò tí ó fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé alárenà kò pa òfin rẹ́. Ó kàn gbé ẹrù ìṣọ́ kúrò léjìká bùráúsà, ó sì gbé e ka orí ẹni tí ó yàn án níṣẹ́ ni.

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá mọ Èkó dáadáa yóò mọ Ṣómólú mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, káàdì ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìléwọ́ àwọn olóṣèlú àti ìwé àjákọ àwọn ọmọ iléèwé. Bàrígà tí ó bá a pààlà jẹ́ àdúgbò ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, fìdí kalẹ̀ sí lónìí. Ní Àkọkà tí ó múlé tì í ni Yunifásítì Èkó wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ iṣẹ́ ìkànnì ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí atẹ̀wé tí yóò gbé iṣẹ́ fún un.

Àpẹẹrẹ kan ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa tọ́ka sí jálẹ̀. Kí ó jẹ́ pé atẹ̀wé kan ní Ṣómólú fẹ́ ojú-ìwé kan tí oníbàárà yóò ti kọ irú bébà àti iye ẹ̀dà tí ó ń fẹ́, tí iye owó yóò sì jáde lójú ẹsẹ̀. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú bébà ìtẹ̀wé ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pa àwọn ẹ̀ka ọjà pàṣípààrọ̀ owó pọ̀ di ọ̀kan, atẹ̀wé tí ó bá fi iye owó àná dá oníbàárà òní lóhùn lè jẹ gbèsè. Nítorí náà ni ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe ìkànnì náà fi ní kí ojú-ìwé máa lọ béèrè iye dọ́là lọ́wọ́ ìkànnì kan tí ó ń ta irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó ṣí i, àpótí iye owó ṣófo. Bùráúsà ti kọ̀. Oníbàárà tí ó bá ń wo àpótí òfìfo kò ní dúró. Yóò kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan oúnjẹ nìyẹn.

2. Èdè-ìperí tí iṣẹ́ yìí lò

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990, ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ bí àwọn elédè bá jókòó ti iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé ti 1984 dojú kọ. Ọ̀rọ̀ ìkànnì kò tíì dé nígbà náà. Báyìí ni ìlò àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó ṣe rí nínú iṣẹ́ yìí:

(i) Bùráúsà: ẹ̀rọ aṣàwákiri tí ènìyàn fi ń ṣí ìkànnì lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, bí i Chrome, Firefox àti Safari.

(ii) Sáfà: kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀, tí ó sì ń dá ẹni tí ó bá béèrè lóhùn.

(iii) Orírun: ibi tí ojú-ìwé ti wá. Nǹkan mẹ́ta ni ó para pọ̀ di orírun: ìlànà ìbánisọ̀rọ̀, ìyẹn http tàbí https, orúkọ ìkànnì, àti nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tí sáfà ti ń gbọ́ ìbéèrè.

(iv) Ìjọ́hẹn: ọ̀rọ̀ tí sáfà ń kọ síwájú ìdáhùn rẹ̀ láti fi yé bùráúsà pé òun gbà kí ojú-ìwé láti orírun mìíràn ka ìdáhùn náà.

(v) Alárenà: sáfà tí ó ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ ojú-ìwé, tí ó ń lọ béèrè rẹ̀ níbòmíràn, tí ó sì ń mú ìdáhùn padà wá. Proxy ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é.

3. Òfin orírun kan náà àti ìdí tí ó fi wà

Ní 1995 ni ilé-iṣẹ́ Netscape fi èdè JavaScript sínú bùráúsà rẹ̀, tí ojú-ìwé fi lè máa ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí òfin orírun kan náà fi tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n kọ ìtumọ̀ orírun sílẹ̀ ní kedere nínú ìwé ìlànà RFC 6454. Ohun tí òfin náà sọ kò ju èyí lọ: ojú-ìwé tí ó ti orírun kan wá kò gbọdọ̀ ka ìdáhùn tí ó ti orírun mìíràn wá, àfi bí orírun kejì bá jọ́hẹn.

Bùráúsà kì í fi ojú ẹbí wo ọ̀rọ̀ yìí. Lójú ènìyàn, https://itewe.example àti https://iye.itewe.example dà bí ọmọ ìyá. Lójú bùráúsà, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn nítorí pé orúkọ wọn yàtọ̀. Bí http bá dípò https, wọ́n tún di àjèjì.

Kí ni òfin líle yìí wà fún? Ọ̀dọ́ kan ní Bàrígà lè wọlé sínú ìkànnì báńkì rẹ̀ lórí fóònù, kí ó tún lọ ṣí ìkànnì tí wọ́n ti ń sọ èsì bọ́ọ̀lù. Báńkì ti fi kúkì pa mọ́ sínú bùráúsà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀. Bí ojú-ìwé bọ́ọ̀lù bá rán ìbéèrè sí báńkì láti inú bùráúsà kan náà, àmì yẹn lè bá ìbéèrè náà lọ, báńkì yóò sì rò pé oníbàárà òun ni ó ń béèrè. Bí kò bá sí òfin orírun, ojú-ìwé bọ́ọ̀lù yóò ka iye owó tí ó kù nínú àpò ọmọ ọlọ́mọ. Oníbàárà ni òfin náà ń ṣọ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹni tí ó ń ṣe ìkànnì.

Ohun mìíràn wà tí ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè ti dé ibi tí ó ń lọ, ìdáhùn sì ti padà dé. Bùráúsà ni ó di ìdáhùn mú, tí kò fún ojú-ìwé. Fún àwọn irú ìbéèrè mìíràn, bí i PUT àti DELETE, tàbí èyí tí ó gbé àkọlé tí kò wọ́pọ̀ dání, bùráúsà a kọ́kọ́ rán aṣíwájú kan tí ó ń jẹ́ OPTIONS pé kí ó lọ tọrọ àyè. Bí aṣíwájú kò bá rí ìjọ́hẹn gbà, ìbéèrè gan-an kò ní kúrò nílé.

Ìlànà ìjọ́hẹn yìí ni wọ́n ń pè ní CORS. Àjọ W3C fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2014. Lónìí, inú ìlànà Fetch ti àjọ WHATWG ni ó wà. Àkọlé tí ó gbé ìjọ́hẹn ni Access-Control-Allow-Origin, sáfà tí wọ́n béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì lè kọ ọ́.

4. Àṣìṣe mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àkọlé ìjọ́hẹn sí ojú-ìwé tirẹ̀ tàbí sínú ìbéèrè tí ó ń rán. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ ni ó ń jọ́hẹn. Atọrọ kò lè bá a jọ́hẹn.

Ìkejì ni kí ó yí ìbéèrè rẹ̀ sí ipò no-cors nítorí pé ìkìlọ̀ pupa yóò kúrò lójú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìkìlọ̀ yóò kúrò, ṣùgbọ́n ìdáhùn yóò dé bí àpò tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa: ó wà lọ́wọ́, kò ṣeé tú.

Ìkẹta ni kí ó pa ààbò bùráúsà tirẹ̀. Iye owó yóò jáde lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó wà ní òdìkejì títì kò ní rí nǹkan kan, nítorí pé bùráúsà tirẹ̀ ṣì ń ṣọ́nà. Yàtọ̀ sí èyí, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ṣí ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ sílẹ̀ fún olè.

5. Alárenà: láti ìdí ìgbéyàwó dé ìdí sáfà

Nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́, lẹ́yìn ìfojúsóde, ọmọkùnrin kì í ṣàdédé lọ dá ọmọbìnrin dúró lọ́nà odò kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ojú àwọn òbí wà lára ọmọ wọn. Alárenà ni wọ́n ń yàn, ẹni tí ó mọ ilé ọkọ, tí ó sì mọ ilé ìyàwó. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, tí ó sì ń wádìí ìdílé méjèèjì títí ọmọbìnrin yóò fi jọ́hẹn. Òfin ìwà ọmọlúàbí kò fàyè gba ọmọkùnrin náà láti sọdá, ṣùgbọ́n kò dí alárenà lọ́nà, nítorí pé àgbà ni, orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi ń wọlé, ó sì mọ̀ pé òun ni wọn yóò bi bí nǹkan bá bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ sáfà. Bùráúsà ni òfin orírun dè. Kò de sáfà. Bí ojú-ìwé ilé ìtẹ̀wé bá béèrè iye dọ́là lọ́wọ́ sáfà ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀, orírun kan náà ni, bùráúsà kò sì ní jà. Sáfà yóò wá lọ béèrè lọ́wọ́ ìkànnì iye owó, yóò gba ìdáhùn, yóò sì gbé e fún ojú-ìwé.

Kí ló dé tí èyí kì í fi í ṣe rírú òfin? Ìdí ni pé àmì ìdánimọ̀ oníbàárà wà nínú bùráúsà oníbàárà. Sáfà ilé ìtẹ̀wé kò ní in. Ìkànnì iye owó kò rí oníbàárà rárá, alárenà ni ó rí. Kò sí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe ohun tí kò mọ̀ sí. Níwọ̀n ìgbà tí alárenà bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ rìn, ohun tí òfin ń ṣọ́ wà láìfarapa.

6. Ìgbésẹ̀ fún gbígbé alárenà kalẹ̀

Alárenà kò ju fáìlì kékeré kan tí wọ́n fi èdè PHP kọ, èdè tí ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń háyà àyè fún ìkànnì ní owó pọ́ọ́kú gbà wọlé. Àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí àdírẹ́sì alárenà wà lábẹ́ orírun ojú-ìwé gan-an, bí i https://itewe.example/iye.php. Ojú-ìwé kò ní mọ àdírẹ́sì mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí wọ́n to ìbéèrè tí alárenà lè jẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, USD, GBP àti EUR nìkan tó. Ohunkóhun mìíràn tí ó bá wọlé, kí alárenà fi nọ́ńbà 400 dá a lóhùn, kí ó sì dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́. Ìkànnì tí ó ń ta ìsọfúnni máa ń fún oníbàárà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí yóò fi máa ṣírò ìlò rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ yìí bá wà nínú ojú-ìwé, ẹnikẹ́ni tí ó bá tú ojú-ìwé wò yóò jí i, yóò sì ná ẹ̀tọ́ ìbéèrè atẹ̀wé tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú fáìlì tí ó wà lẹ́yìn àpò gbangba tí wọ́n ń pè ní public_html ni kí ó wà, kí alárenà nìkan máa kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kí wọ́n dá àkókò fún alárenà. Bí ìkànnì kejì kò bá dáhùn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí alárenà padà wá jíṣẹ́ pé òun kò bá wọn nílé. Alárenà tí ó jókòó sílé àna láìpadà yóò mú kí gbogbo ìkànnì dúró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kí alárenà yẹ ìdáhùn wò kí ó tó gbé e wọlé. Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fún alárenà ní ìsọfúnni ogún tí ojú-ìwé sì nílò ọ̀kan, ọ̀kan ni kí ó gbé wá. Kí ó sì kọ irú ìdáhùn náà síwájú rẹ̀ pé application/json; charset=utf-8. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń kọ Yorùbá: lẹ́tà ọ nínú UTF-8 gba báìtì mẹ́ta, E1 BB 8D, ẹni tí ó bá sì kà á bí ẹni pé irú ìkọsílẹ̀ mìíràn ni yóò rí wúruwùru. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀, kí ojú-ìwé kọ́kọ́ fi encodeURIComponent dì í, kí ẹsẹ̀ àti àmì ohùn má baà já sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí alárenà rántí ìdáhùn fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá tọ́jú iye dọ́là fún wákàtí kan, oníbàárà 300 lè béèrè láàrin wákàtí náà, kí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni alárenà jáde. Ṣùgbọ́n kí ó kọ àkókò tí ó gba iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye tí kò ní àkókò ni ó ń mú atẹ̀wé gba iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ kò tó owó bébà.

7. Ewu alárenà tí kò ní ìjánu

Ewu tí ó tóbi jù ni ti alárenà tí ń lọ sí ibikíbi tí ẹnikẹ́ni bá rán an. Àwọn kan, nítorí pé wọn kò fẹ́ yọ ara wọn lẹ́nu, máa ń jẹ́ kí ojú-ìwé fi odidi àdírẹ́sì ránṣẹ́, kí alárenà sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò láìbéèrè. Irú alárenà bẹ́ẹ̀ ti di ẹrú gbogbo ayé. Àjèjì lè fi í ṣe iṣẹ́ ibi, kí ó sì jẹ́ pé orúkọ ilé ìtẹ̀wé ni yóò wà lẹ́sẹ̀ ọ̀ràn. Láti 31 oṣù Kìíní ọdún 2021, ẹni tí ó gbé sáfà àfihàn CORS Anywhere kalẹ̀ dín ìlò rẹ̀ kù gidigidi nítorí ìlòkulò. Ojú-ìwé tí ó gbára lé e rí i pé alárenà àyálò kì í ṣe ti ẹni.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé alárenà ń gbé nínú ilé. Ó lè dé yàrá tí àlejò kò lè dé, bí i àdírẹ́sì 127.0.0.1 tí í ṣe sáfà fúnra rẹ̀, tàbí 169.254.169.254 níbi tí àwọn sáfà orí ìkùukùu ti ń gba ìwé àṣẹ wọn. Ní 2019, ẹnì kan lo àṣìṣe inú ìtò ẹ̀rọ ààbò kan tí ó ń gba ìbéèrè wọlé fún báńkì Capital One ní Amẹ́ríkà. Ó mú kí ẹ̀rọ náà lọ gba ìwé àṣẹ wá láti inú ilé, ó sì fi í kó ìsọfúnni nípa ènìyàn tí ó tó 100 mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 6 ní Kánádà. Ní 2020, wọ́n bu owó ìtanràn 80 mílíọ̀nù dọ́là lé báńkì náà. Ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe báńkì, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà kan náà ni.

Bí ìsọfúnni nípa ènìyàn bá tún ń gba ọwọ́ alárenà kọjá, bí i orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ọjọ́ ìbí, Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ti dé ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó gbé alárenà kalẹ̀ kò lè sọ pé òun kàn ń kọjá lọ ni.

8. Ìgbà tí alárenà ń yẹ̀ba

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ojú bá ti mojú, alárenà a yẹ̀ba. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a nílò rẹ̀. Wikipedia Yorùbá, ní yo.wikipedia.org, jẹ́ àpẹẹrẹ rere: bí ojú-ìwé bá fi origin=* kún ìbéèrè tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹnu-ọ̀nà api.php rẹ̀, sáfà ibẹ̀ yóò jọ́hẹn fún ẹni tí kò wọlé pẹ̀lú orúkọ, bùráúsà yóò sì tú ìdáhùn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé alárenà sáàrin wọn kàn fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni kí ó ka ìwé ìlànà ìkànnì kejì, kí ó mọ̀ bóyá ó ń jọ́hẹn. Síbẹ̀, ìjọ́hẹn kì í pa kọ́kọ́rọ́ mọ́: níbi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà, alárenà ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.

9. Kíkọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì

Olùkọ́ lè yan akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún: ojú-ìwé, bùráúsà, sáfà ilé ìtẹ̀wé, sáfà iye owó, àti ẹlẹ́tàn kan. Kí ojú-ìwé kọ ìbéèrè sínú bébà, kí bùráúsà yẹ orírun wò, kí ó sì di ìdáhùn tí kò ní ìjọ́hẹn mú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú alárenà. Níkẹyìn, kí ẹlẹ́tàn rán alárenà sí ibi tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, kí kíláàsì wò ó bóyá yóò lọ. Àṣìṣe alárenà níbẹ̀ yóò kọ́ wọn ju àlàyé wákàtí kan lọ, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì pọn dandan fún un.

10. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìdènà tí bùráúsà ń ṣe kì í ṣe àbùkù, ìṣọ́ ni. Alárenà jẹ́ ọ̀nà ẹ̀tọ́ láti kọjá níbi tí ìkànnì kejì kò ti jọ́hẹn, tàbí níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yàn án ti gba iṣẹ́ olùṣọ́: òun ni yóò sọ ibi tí ó lè lọ, ohun tí ó lè gbé, àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ padà. Bí ọ̀dọ́ Bàrígà bá ṣe gbogbo èyí, àpótí iye owó kò ní ṣófo mọ́, atẹ̀wé Ṣómólú kò sì ní fi iye àná ta bébà òní. Bí ó bá sì ṣàìṣe é, ọ̀nà tí ó là fún oníbàárà ni olè yóò gbà wọlé.